Lílì Ọlọ́jọ́-Kan Ìyá Ọkọ Mi

Ẹnu mi mú, mo mọ̀. Ọkọ mi ní abẹ́rẹ́ tí mo fi ń ránṣọ kò mú tó o. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ lílì yìí pa mí lẹ́nu mọ́ fún ọdún kan gbáko lẹ́yìn tó ṣẹlẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ló gbìn ín sábẹ́ fèrèsé ilé ìdáná. Òdòdó rẹ̀ á là láàárọ̀, kò ní rí ọjọ́ kejì. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni ìyá máa ń já àwọn tó ti rọ kúrò, á ní, "Tàná kì í sùn lórí tòní." Iṣẹ́ ńlá ni lójú mi, torí ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sí mọ́, ẹ̀rọ iléeṣẹ́ bébà ti gé e kí n tó wọlé ọkọ.

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó pè mí. "Ìyàwó, tí òjò bá dá, hú lílì yẹn, kí o pín in sí méjì. Fún ọmọ mi obìnrin ní ìdajì. Má rì í jìn o, ọrùn rẹ̀ tí ewé ti ń hù kò gbọdọ̀ wọlẹ̀."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, Mà." Kò pẹ́ tí ó fi kú.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí èmi ìyàwó ń pè ní Eyínfúnjowó, kò bèèrè aṣọ, kò bèèrè àga. Lílì yẹn nìkan ló fẹ́. Inú bí mi. Ọdún mẹ́fà ni mo fi tọ́jú ìyá. Òun á wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, á gbé bisikíìtì dání! Mo sọ fún un pé ìdajì tirẹ̀ ti rà. Irọ́ ni. Mo hú lílì, mo pín in, mo gé ewé ìdajì tirẹ̀, mo sì rì í mọ́lẹ̀ jìn lẹ́yìn táǹkì omi, kí ó má baà rí i tó bá wá kí wa.

Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Tèmi kò pé ọ̀sẹ̀ kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹnìkan ti wa iyẹ̀pẹ̀ orí rẹ̀ kúrò, ọrùn lílì yọ síta. Mo ṣépè fún ológbò aládùúgbò, mo bò ó padà. Ilẹ̀ tún mọ́, ó tún yọ. Mo bá jọ iyẹ̀pẹ̀ kíkúnná sórí rẹ̀, mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ bí aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ní àárọ̀, kò sí ojú ẹsẹ̀ ènìyàn tàbí ti ẹran níbẹ̀. Ojú ìka ni mo rí, ó sì ní àlàfo láàárín.

Orí mi wú. Mo sọ fún ọkọ mi, ó rẹ́rìn-ín: "Ṣé o ti ń rìn lójú oorun ni?"

Mo gbé búlọ́ọ̀kù lé e. Nígbà tí mo jí, búlọ́ọ̀kù ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn òdòdó àná tí mo ṣọ̀lẹ tí mi ò já kúrò lórí ìdajì tèmi ti wà lójú fèrèsé, wọ́n tò tẹ̀léra. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè dá iná.

Mo hú u, mo gbé e sínú garawa, ó di ilé Eyínfúnjowó. Nọ́ọ̀sì ni, kò tí ì bọ́ aṣọ iṣẹ́. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo purọ́ fún yín. Kò rà, mo gbé e pamọ́ ni. Ẹ forí jì mí."

Ó wo inú garawa. "Dìde, Ìyàwó. Wá."

Ó mú mi dé abẹ́ fèrèsé rẹ̀. Kòtò kan wà níbẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù. Ó ní, "Àárọ̀ yìí ni mo bá a. Mo rò pé ìwọ lo wá gbẹ́ ẹ, tí ojú tì ọ́ láti kanlẹ̀kùn."

Mo mirí pé èmi kọ́. Kòtò náà kò jìn. Mo gbé lílì sí i, ọrùn rẹ̀ sì dúró síbi tó yẹ gẹ́lẹ́.

Eyínfúnjowó bẹ̀rẹ̀ láti kó iyẹ̀pẹ̀ bò ó, ó wá dá ọwọ́ dúró. Ó ti rí ojú ìka létí kòtò. Ó tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìka àárín rẹ̀ nìkan ni kò rí ibi tí yóò bọ́ sí.