Orúkọ Kan Ló Kù

Ọmọ tí wọ́n ń pè ní Kíákíá tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kẹfà, ó sì ka orúkọ tó jáde lójú kọ̀ǹpútà. Mọ́kànlá. Méjìlá ló yẹ kó jẹ́. Orúkọ tirẹ̀ gan-an ni kò jáde.

Ọjọ́ ìkẹyìn kíláàsì ìgbà ìsinmi ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko làwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama wọ̀nyí ti fi ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò tí kọ̀ǹpútà á máa tẹ̀ lé. Iṣẹ́ àṣekágbá ti Kíákíá ni ètò tí yóò to orúkọ àwọn tó máa wọ ìpele kejì, bí wọ́n ṣe forúkọ sílẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn, tí yóò sì tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé. Olùkọ́ wọn, obìnrin tí kì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ti ṣòfin láti àárọ̀: orúkọ tí ẹ̀rọ ò bá tẹ̀, òun ò ní fọwọ́ kọ ọ́. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ tó ń tọ́jú ilé náà yóò sì ti ilẹ̀kùn ní aago mẹ́rin. Ó ku ogún ìṣẹ́jú.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti parí iṣẹ́ tirẹ̀, fa àga sún mọ́ ọn.

"Ìwọ lo kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ nínú gbogbo wa, ìwọ náà lẹ̀rọ ò dá mọ̀. Kí lo fi ṣe é?"

"Fi mí sílẹ̀, jàre."

Ó tún orúkọ ara rẹ̀ kọ. Mọ́kànlá. Ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn. Mọ́kànlá. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ti ṣòfò. Ó rò ó pé kóun kàn tẹ orúkọ òun lọ́tọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé, àmọ́ olùkọ́ a máa ka ètò láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn.

Olùkọ́ wá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó béèrè ìwé tí Kíákíá fi pẹ́ńsùlù kọ ètò náà sí, nítorí nínú kíláàsì yìí, orí ìwé lèèyàn ti ń tọ ètò rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan kó tó dé ìdí ẹ̀rọ. Kíákíá ò kọ ọ́. Ó ti kà á sí ìfàkókòṣòfò.

"Ẹ̀rọ ò bá ẹ jà, ọmọ mi. Ohun tí o ní kó ṣe ló ń ṣe. Mú pẹ́ńsùlù."

Kíákíá kọ orúkọ méjèèjìlá sílẹ̀, ó wá ń kọ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi mọ ẹnì kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Orúkọ tirẹ̀ ló ṣáájú: òdo. Láti orí òdo ni kọ̀ǹpútà ti ń bẹ̀rẹ̀ òǹkà. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n ti kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ó wo àṣẹ tó pa fún ẹ̀rọ: bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kó fo òun.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó yí nọ́ńbà kan ṣoṣo padà.

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ìṣẹ́jú kan."

"Ìṣẹ́jú kan tiyín, bíi 'ọ̀la ló máa yá' ti télọ̀ ni."

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kùn. Kíákíá fi ìka ka orúkọ orí ìwé náà: méjìlá, tirẹ̀ ló wà lókè pátápátá.

Olùkọ́ ka ètò náà tán, ó bu ọwọ́ lù ú. Kò yìn ín. Ó ní kó má gbàgbé pẹ́ńsùlù nílé ní ìpele kejì.

Kíákíá pa kọ̀ǹpútà, ó ti àga sábẹ́ tábìlì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Kọ́kọ́rọ́, ó sì jáde.