Agbádá Mẹ́ta fún Ààyè Aláìní

"Fa ikùn sínú, Àtàndá! Mo ní fà á sínú!"

"Ibo ni kí n tún fà á sí, Ọláníyan? Ó ti kan ẹ̀yìn!"

Ọláníyan oníṣòwò obì fi orúnkún ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ nídìí, ó fa okùn ṣòkòtò náà bí ẹni ń di ẹrù obì tí ó ń lọ sí ilẹ̀ Gàm̀bàrí. Ọláníyan ló ni ṣòkòtò, Ọláníyan kò sì sanra. Lẹ́yìn ṣòkòtò ni ó gbé agbádá etù rẹ̀ wọ Àtàndá lọ́rùn. Bàbá Ràṣídì tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn wò ó, ó mi orí, ó ní etù nìkan kò tó. Ó wọlé, ó gbé sányán tí ó fi ń kírun ọdún jáde, wọ́n gbé e lé etù. Nígbà tí ìyàwó mọ́gàjí rí i pé ọ̀dọ̀ ará ìta ni aṣọ ti ń wá, tí agbo ilé Alápó tiwọn fúnra rẹ̀ kò tíì mú nǹkan kan sílẹ̀, ó lọ tú àpótí ọkọ rẹ̀, ó mú àlàárì wá. Wọ́n gbé ìyẹn náà lé sányán.

Agbádá mẹ́ta lọ́rùn ẹnì kan ṣoṣo! Àtàndá fẹ̀ débi pé ewúrẹ́ méjì wá dùbúlẹ̀ sábẹ́ òjìji rẹ̀, wọ́n rò pé ìdí igi odán ni. Ẹnu ọ̀nà kọ̀ ọ́. Ẹ̀gbẹ́ ni ó fi jáde bí alákàn.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Yẹ́misí, káwọ́ lérí. "Ẹ gbà mí o. Aláìní ni pásítọ̀ ní òun ń wá. Ẹ wá ń wọ bàbá ọmọ láṣọ bí ọba tí ó ń lọ gbadé?"

"Ìyàwó, ìwọ fi èyí sílẹ̀ fún àwa," Ọláníyan dá a lóhùn. "Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Bí alákìísà bá lọ tọrọ nǹkan, ajá ni wọ́n ń dẹ sí i. Ẹni tí ó bá múra dáadáa ni wọ́n ń fún ní àga, ẹni tí ó bá sì rí àga jókòó ni wọ́n ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀."

Gbogbo ilé ní òótọ́ ni. Àtàndá náà gbà bẹ́ẹ̀. Òógùn ti bo ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn.

Ẹdẹ ìgbà náà! Ẹdẹ ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí àwọn òyìnbó ìjọba kò tíì mọ ọ̀nà àárín ilé gbogbo. Omi Ọ̀ṣun mọ́ débi pé ẹja á wo ojú ẹni tí ó wá pọnmi, á sì kí i kú àárọ̀. Bí rélùwéè bá fọn fèrè ní ìdíkọ̀, adìyẹ Sẹ̀kọ̀nà á yé ẹyin méjì-méjì. Iṣu tí ó ń ti ìlú Ara wá, ọkùnrin méjì ní í gbé ọ̀kan, ẹnì kẹta á máa bẹ̀bẹ̀ lójú ọ̀nà pé kí ayé yà fún wọn. Ní ìgbà náà, ẹni tí ó ń lọ síbi ẹ̀yẹ tí kò ní aṣọ kì í dárò. Aládùúgbò á ti gbé aṣọ dé kí ó tó la ẹnu, ọ̀rọ̀ náà á sì kú síbẹ̀. Ẹni tí ó bá yá ènìyàn láṣọ tí ó wá ń wí i ní gbangba, ọ̀dájú ni wọ́n ń pè é títí ọjọ́ ikú rẹ̀; ẹlòmíràn á tilẹ̀ kọ̀ láti bá a jẹun.

Alábàárù ni Àtàndá ní ìdíkọ̀ rélùwéè. Ẹrù ni ó ń rù láti àárọ̀ di àṣálẹ́, irọ́ ni ó sì fi ń sinmi. Òun ló sọ fún ìlú pé ọjọ́ kan tí ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú irin kú sí ẹ̀bá odò, òun gbé òṣùká lé orí, òun fi orí tì í gun òkè, àwọn òyìnbó inú rẹ̀ kò tilẹ̀ jí lójú oorun. Òun ló sọ pé ẹṣin mẹ́fà wà fún òun ní oko. Kò sí ẹni tí ó gbà á gbọ́, kò sì sí ẹni tí kì í bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tún un sọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wà tí kò nílò irọ́, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ Yẹ́misí, ọmọbìnrin rẹ̀. Ọmọ náà ti kàwé ilé-ìwé ṣọ́ọ̀ṣì tán ní Ẹdẹ. Kò sí kíláàsì kankan mọ́ tí ó lè wọ̀. Tíṣà Kọ́láwọlé ti bá wọn wá ibi tí yóò lọ káàkiri. Ti Èkó wà, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń gbà níbẹ̀, bí a bá tú u sínú Ọ̀ṣun, odò á kún bo afárá. Ti Abẹ́òkúta wà, wọ́n ní kí ọmọ gbé bẹ́ẹ̀dì, bàtà méjì àti aṣọ oorun wá, bẹ́ẹ̀ orí ẹní ni gbogbo ilé Àtàndá ń sùn sí. Ti Ọ̀yọ́ ń kọ́? Ọkùnrin nìkan. Ìgbà tí ó di pé àbúrò bàbá ọmọ ní kí wọ́n kúkú mú un lọ bá wọn ta epo ní Ara, ni Tíṣà sáré dé pẹ̀lú ìròyìn. Pásítọ̀ Ọláyínká ti dá ilé-ìwé ọmọbìnrin kan sílẹ̀ ní apá Ìbàdàn. Lọ́dọọdún, ó ń mú ọmọ kan lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọ ẹni tí kò ní. Ààyè aláìní ni wọ́n ń pè é. Pásítọ̀ ń bọ̀ ní Ẹdẹ láti dán ọmọ wò, ó sì fẹ́ rí bàbá ọmọ. Bí èyí bá bọ́, kò sí òmíràn mọ́, epo Ara ni.

Ìdí nìyí tí agbo ilé fi ń wọ Àtàndá láṣọ. Tíṣà ti lọ pàdé pásítọ̀ ní ìdíkọ̀. Kò sí nílé láti sọ fún wọn pé kí wọ́n tú u.

Nígbà tí Àtàndá dé ṣọ́ọ̀ṣì, ìdajì àdúgbò ti tẹ̀lé e, wọ́n rọ̀ mọ́ fèrèsé bí àdán. Tíṣà Kọ́láwọlé rí i, ó di ẹnu mú. Pásítọ̀ kò tíì gbójú sókè. Ọmọ ni ó ń dán wò. Ó ṣí Bíbélì síwájú ara rẹ̀, ó ń wá ibi tí yóò ní kí ọmọ kà, ṣùgbọ́n Yẹ́misí tí ó dúró níwájú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní òdì kejì, láìkọsẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ láti ka ìwé ní ìdoríkodò?" pásítọ̀ bi í.

"Ìwé kan ni àwa mẹ́rin ń kà, sà. Apá orí ìwé ni mo máa ń jókòó sí."

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín títí gíláàsì ojú rẹ̀ fi yọ̀. Ó fi ìṣirò bi í. Ọmọ ti dáhùn kí ó tó pa ẹnu dé. Ó ní kí ó túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ túmọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. "Ọmọ yìí ni mo ń wá," ni pásítọ̀ wí. "Bàbá rẹ̀ dà?"

Àtàndá dìde. Àwọn agbádá náà dìde pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

Ẹ̀rín kúrò lójú pásítọ̀. Ó wo àlàárì, ó wo sányán tí ó yọjú lábẹ́ rẹ̀, ó wo etù. Ó wo Tíṣà Kọ́láwọlé bí ẹni wo olè. Tíṣà fẹ́ la ẹnu, pásítọ̀ gbé ọwọ́ dá a dúró. "Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má bínú o, ọmọ aláìní ni a fi ààyè yìí sílẹ̀ fún. Ẹ̀yin, ẹ lè sanwó."

"Háà! Pásítọ̀, èmi ò ní o! Alábàárù ni mí!"

"Alábàárù? Ẹrù ta ni ẹ ń rù, ti ọba Gẹ̀ẹ́sì?"

"Wọ́n yá mi láṣọ ni, sà."

Pásítọ̀ yíjú sí fèrèsé. "Ẹ̀yin ará, ta ló yá a?"

Bàbá Ràṣídì ń wo òrùlé bí ẹni pé ó fẹ́ rà á. Ìyàwó mọ́gàjí tẹ orí ba. Ta ni yóò la ẹnu ní gbangba pé òun ló ni aṣọ tí ó wà lọ́rùn ọ̀rẹ́? Ọláníyan kò lè gbà kí ojú ti ọ̀rẹ́ òun. Ó kígbe: "Ẹ má dá a lóhùn, pásítọ̀! Àwàdà ló ń ṣe! Òun ló ni wọ́n! Àpótí mẹ́wàá mìíràn wà nílé!"

"Oko obì rẹ̀ ti dé Ìlá!" ìyàwó mọ́gàjí gbè é lẹ́yìn.

"Ẹṣin mẹ́fà!" ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn. "Òun ló gbé rélùwéè gun òkè!"

Àtàndá gbọ́ ọ, òtútù mú un nínú agbádá mẹ́ta. Irọ́ tí ó ti ń fi pa ìlú lẹ́rìn-ín láti ọdún pípẹ́ ni ìlú kó jọ, tí wọ́n fi ìfẹ́ gbé padà wá fún un. Kò sí ẹni tí ó lè bínú sí wọn.

Pásítọ̀ pa Bíbélì dé. "Yẹ́misí, ní ilé-ìwé wa, ọmọ tí ó bá parọ́, ilé rẹ̀ ni a ń dá a padà sí. Sọ fún mi. Ta ló ni aṣọ tí bàbá rẹ wọ̀?"

Ọmọ náà wo fèrèsé. Ó wo bàbá rẹ̀. Àtàndá rí ètè rẹ̀ tí ó ń ṣí, ó sì mọ ohun tí ó fẹ́ jáde. Ọmọ tí kò parọ́ rí fẹ́ pa ti àkọ́kọ́ nítorí òun.

"Bàbá mi ló..."

"Dákẹ́!" Àtàndá pariwo. "Dákẹ́, ọmọ mi. Má sọ ọ́."

Ó fa àlàárì bọ́ lórí, ó rìn dé fèrèsé. "Ìyá wa, ẹ gba ti mọ́gàjí. Ẹ ṣeun." Ó bọ́ sányán. "Bàbá Ràṣídì, ẹ gbà. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ fi kírun ọdún míì." Ó bọ́ etù. Bùbá iṣẹ́ rẹ̀ hàn síta. Ihò ara rẹ̀ ju ti àwọ̀n apẹja lọ.

Ọláníyan kò na ọwọ́. "Àtàndá, má ṣe èyí sí mi lójú ayé."

"Gbà á, ọ̀rẹ́ mi. O ti ṣe é tán. Ti ṣòkòtò nìkan ni kí o jẹ́ kí n kọ́kọ́ délé."

Ẹ̀rín bú lójú fèrèsé, ó sì tún kú. Ọláníyan gba aṣọ náà, ó fi bo ojú.

"Kí ló dé tí ẹ fi wọ̀ ọ́?" pásítọ̀ béèrè, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Ọ̀wọ̀ yín ni mo bù, sà. Bí mo bá wá bí mo ṣe wà, ẹ ó ní n kò ka ọmọ yìí sí."

Agbo ilé bí èyí ni wọ́n ti bí pásítọ̀ fúnra rẹ̀, ó mọ àṣà aṣọ yíyá. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún títí, ó tún gbé e wọ̀. "Yẹ́misí, múra sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti jẹun ọdún tán, kí o wọ ọkọ̀ wá bá mi."

Lójú ọ̀nà ilé, àwọn tí wọ́n gba aṣọ padà gbé e dání bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Kò sí ẹni tí ó jẹ́ wọ̀ ọ́. Àtàndá ń lọ níwájú nínú àkísà rẹ̀, Yẹ́misí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwáwù ẹlẹ́kọ, tí kò lè fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná láti wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, fò sójú ọ̀nà.

"Àtàndá! Báwo ló ṣe lọ? Kí ni pásítọ̀ wí?"

Gbogbo wọn dúró. Ọláníyan ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀; wọ́n mọ̀ pé ní báyìí ni pásítọ̀ yóò dọ̀bálẹ̀, tí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì yóò ṣí, tí àwọn áńgẹ́lì yóò máa pe orúkọ ọmọ. Àtàndá la ẹnu. Ó wo ọmọ rẹ̀.

"Wọ́n gbà á," ló wí, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.