Ọjọ́ Tí Bọ́ílà Dákẹ́ ní Thamesmead

Nígbà òtútù ọdún 2018, tí yìnyín bo gbogbo Thamesmead nílùú òyìnbó, ni bọ́ílà tó ń mú ilé Moráyọ̀ móoru dákẹ́. Ó kọ́kọ́ ń dún gbulugbulu bí ẹni tí omi há lọ́fun, lẹ́yìn náà iná pupa yọ lójú rẹ̀, ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí tutù. Moráyọ̀ tẹ bọ́tìnì rẹ̀ títí, pàbó ló já sí. Ó pe àwọn tó ni ilé, wọ́n ní kó ní sùúrù, àwọn tí bọ́ílà wọn kú pọ̀.

Ká ní òun nìkan ni, ì bá wọ kóòtù sùn. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ara wọn ò le, iyè wọn sì ti ń ra. Bí Mama bá ti béèrè Ọlátúnbọ̀sún ọmọ wọn, Moráyọ̀ á ní ó wà níbi iṣẹ́. Irọ́ ni. Láti ìgbà ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ni Ọlátúnbọ̀sún ti kó ẹrù rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi Woolwich Ferry, tó lọ ń gbé lọ́dọ̀ obìnrin kan lódìkejì odò. Ó ní ààyè ò sí fún ìyá òun níbẹ̀. Moráyọ̀ ti búra pé òun ò ní pè é láé, àmọ́ nígbà tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Mama, tó tutù nini, ó gbé fóònù.

Iṣẹ́ bọ́ílà ni Ọlátúnbọ̀sún ń ṣe jẹun. Kó tó dé, Moráyọ̀ ti wọ búláòsì tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn lábẹ́ súwẹ́tà. Ojú tì í, ṣùgbọ́n kò bọ́ ọ.

Ọlátúnbọ̀sún ò tilẹ̀ ṣí bọ́ílà. Ẹ̀yìn ilé ló mú un lọ, ó fi páìpù funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yọ lára ògiri hàn án. Ó ní ibẹ̀ ni omi inú bọ́ílà ń gbà jáde. Omi náà ti di yìnyín, kò ríbi gbà, ìyẹn ló mú kí bọ́ílà pa iná ara rẹ̀. Ó da omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sí i díẹ̀díẹ̀, ó ní omi náà ò gbọdọ̀ hó, kí páìpù má baà sán. Lẹ́yìn náà ló na jọ́ọ̀gì sí ìyàwó rẹ̀.

“Ìwọ náà ṣe é kí n rí i.”

“Kí ni mo fẹ́ kọ́ ọ fún? Ṣebí ẹ wà ńbẹ̀.”

Ọlátúnbọ̀sún ò wo ojú rẹ̀. “Kí o má baà tún pè mí ni, Moráyọ̀.”

Moráyọ̀ da omi náà. Omi ń dà sí i ní bàtà, ṣùgbọ́n ó dà á títí yìnyín fi já nínú páìpù, tí omi bẹ̀rẹ̀ sí kán. Nínú ilé, ọkọ rẹ̀ fi bọ́tìnì tí yóò tẹ̀ mọ́lẹ̀ hàn án, iná sì ràn. Ó padà síta lọ wé fóòmù mọ́ páìpù kí òtútù má baà mú un mọ́, ó ní kó máa pe ẹni tí yóò yẹ bọ́ílà wò lọ́dọọdún. Bó ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ ló ṣe sọ ọ́.

Mama gbọ́ ohùn ọmọ wọn, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n ní kó jókòó jẹun. Ó ní òun ń bọ̀, ó sì jáde. Moráyọ̀ dúró lójú fèrèsé, ó ń wo mọ́tò rẹ̀ títí tó fi yà sọ́nà Woolwich.

“Ṣé ibi iṣẹ́ ló tún lọ ni?” Mama béèrè.

“Rárá, Mummy. Ó ti fi wá sílẹ̀. Kò ní padà wá.”

Mama yíjú sí i. “Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwọ náà á fi mí sílẹ̀ ni?”

Moráyọ̀ bọ́ bàtà rẹ̀ tó ti rin. Ó wọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì lọ bá wọn, ó gbé orí lé wọn láyà, àwọn méjèèjì sì jọ sunkún bí ilé ṣe ń móoru.