Ẹni Tó Tún Ẹ́ńjìnnì Ṣe

"Bọ́ bàtà rẹ," ni Daouda wí. "A ti fẹ́ ti ọkọ̀ sómi."

Mouktar wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bàtà aláwọ dúdú ló wọ̀ wá láti Djègan-Kpèvi, nítorí ó rò pé òun kàn fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì wá fún àwọn apẹja yìí ni, kí òun bá wọn dè é mọ́ ìdí ọkọ̀, kí òun sì padà sí Porto-Novo kí oòrùn tó mú. Ó ti bá wọn dè é. Ó ti nu ọwọ́. Kò mọ ohun tó tún kù.

"Bàtà kẹ̀, Bàbá?"

"Ìwọ lo tún un ṣe. Ìwọ lo máa bá a lọ."

Daouda ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ọmọ Tokpota ni ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n etí òkun ní Sèmè ni bàbá rẹ̀ ti tọ́ ọ, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ wọ́n fún. Ó ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan. Láti ayé bàbá òun ló ti rí bẹ́ẹ̀ nídìí ọkọ̀ yìí: ẹni tó bá tún nǹkan ṣe lára rẹ̀, òun náà á bá wọn lọ sókun lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Káfíńtà tó pààrọ̀ pákó ìdí ọkọ̀ lọ. Mẹkáníìkì tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, kó tó kó lọ sí Gàbọ́ọ̀nù, lọ tó ìgbà mẹ́wàá. Kì í ṣe ìjìyà, kì í sì í ṣe ètùtù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kò wọ́n lẹ́nu Mouktar rí. Ó ní oníbàárà kan ń dúró de òun ní Ouando. Ó ní inú ń run òun láti àná. Nígbà tó rí i pé Daouda kàn ń yí okùn mọ́ ọwọ́, ó gbé ìbúra jáde.

"Bàbá, iṣẹ́ tí mo ṣe sára ẹ́ńjìnnì yìí, ẹ gbé e dé Abidjan, kò ní í kọṣẹ́. Mo fi ọmọ mi búra."

"N kò ní kí o búra," ni Daouda wí. "Wọ inú ọkọ̀."

Nassirou, tó máa ń jókòó níwájú ọkọ̀, ju gilé kan, ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, sí Mouktar láyà. "Pátírọ́ọ̀nù, ẹ wọ èyí. Ẹ dè é dáadáa o, kí àwa náà lè rí nǹkan dì mú bí a bá ń wá yín." Àwọn ọkùnrin méjì tó kù rẹ́rìn-ín. Mouktar náà rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà rí ìbẹ̀rù lójú rẹ̀.

Ohun tó mọ̀, tí ẹlòmíràn kò mọ̀, kò tóbi ju ẹyin adìyẹ lọ. Rọ́bà kan ni, abẹ̀bẹ̀ kéékèèké yí i ká, inú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì ló ń gbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fa omi òkun sínú ẹ́ńjìnnì kí ó má baà gbóná. Ti ẹ́ńjìnnì Daouda ti gbó. Mouktar sọ fún un pé òun máa ra tuntun ní Kútọnu. Ọjọ́ tó yẹ kó lọ, òjò rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ń sọmọ lórúkọ ládùúgbò. Lọ́jọ́ kẹta, Daouda pè é lórí fóònù, Mouktar sì dá a lóhùn pé òun ti wà lọ́nà, rọ́bà náà wà lọ́wọ́ òun. Orí bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló dùbúlẹ̀ sí nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ó ti sọ ọ́ tán, ó di dandan kí ẹ́ńjìnnì ṣetán. Òkú ẹ́ńjìnnì kan ti wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù láti ọdún mélòó kan. Ó tú rọ́bà tirẹ̀ yọ, ó fi epo pa á, ó fi gúlú lẹ ibi tó ti là, ó sì fi í sí ti Daouda. Nígbà tó gbé e sínú dúrọ́ọ̀mù omi, ó fa omi. Kí ló tún kù? Bí alùpùpù bá kú mọ́ èèyàn lọ́wọ́ ní Ouando, ẹni náà á tì í dé ẹ̀gbẹ́ títì, á bú mẹkáníìkì, á sì gun zémidjan, ọ̀kadà akérò, lọ sílé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti bú Mouktar bẹ́ẹ̀. Wọ́n á tún padà wá, nítorí ó mọ bí a ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló máa ń sọ fún un pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò dé orí òkun rí, òkun kò sì ní àpò.

Wọ́n ti ọkọ̀ dé ibi tí omi ti dé orúnkún wọn, wọ́n sì dúró. Wọ́n jẹ́ kí ìgbì ńlá mẹ́ta kọjá. Daouda kígbe, wọ́n tì í, wọ́n fò wọlé. Mouktar já lu àárín àwọ̀n, ó fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá di pákó mú. Iwájú ọkọ̀ gòkè títí ó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn Nassirou àti ọ̀run nìkan ló ń rí. Lẹ́yìn náà, ó já wálẹ̀. Omi dà lé wọn lórí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ́ńjìnnì ké, ó mú ọkọ̀ la ìgbì kẹta, ariwo ìgbì sì dákẹ́ lẹ́yìn wọn, bí ìgbà tí èèyàn bá ti ọjà wọlé tó sì ti ilẹ̀kùn.

Mouktar bì. Nassirou bu omi òkun, ó dà á síbẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ihò kékeré kan wà tí omi tó ti tu inú rẹ̀ ń gbà jáde. Ìtọ̀ ni àwọn apẹja ń pè é. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń tọ̀, ara rẹ̀ le nìyẹn. Mouktar yíjú sí ìdí ọkọ̀, ó ń wo ìtọ̀ náà. Ó nípọn bí ìka ọwọ́. Ó dára. Daouda jókòó tì í, ó dorí ọkọ̀ kọ gúúsù. Ó ní ibi tí igi àgbọn etíkun kò bá ti hàn mọ́ làwọn ti máa ta àwọ̀n. Ibẹ̀ ni ẹja ńlá wà lóṣù yìí.

Igi àgbọn náà kúrú. Ó dà bí ìgbálẹ̀, ó dà bí koríko.

Wọ́n jẹ ẹ̀kọ àti ẹja díndín tí ìyàwó Nassirou dì fún wọn. Wọ́n fún Mouktar, kò lè jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin méjì náà bẹ̀rẹ̀ sí í hun àwọ̀n tó ya. Èkejì sùn. Nassirou náà gbé orí lé ọwọ́, ó la ẹnu sílẹ̀, ó sùn lọ fọnfọn.

Mouktar wò wọ́n. Nínú ọkọ̀ yìí, òun nìkan ló ń wo ẹ́ńjìnnì. Ó kọ́kọ́ rò pé àwọn yòókù kò bìkítà ni. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé e. Wọn kò wò ó nítorí pé òun wà níbẹ̀. Àtàárọ̀ tó ti ń búra, kò sí ẹni tó fi etí sí i nínú wọn. Ìgbà tó wọ inú ọkọ̀ ni wọ́n tó gbà á gbọ́, tí wọ́n sì sùn.

Nígbà tó tún yíjú, ìtọ̀ ẹ́ńjìnnì ti tín-ín-rín. Ó ti dà bí ìgbálẹ̀ ẹyọ kan. Ó dúró, ó ń kán tó, tó, lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀.

Mouktar lè dákẹ́. Bóyá ẹ́ńjìnnì á gbé wọn lọ, á sì gbé wọn bọ̀. Ó ti dákẹ́ lórí irú rẹ̀ rí, nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Nassirou pòṣé lójú oorun, ó yí orí padà.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká padà."

"Inú ló tún ń rú ọ?"

"Rárá. Rọ́bà tó ń fa omi ni. Kì í ṣe tuntun. N kò dé Kútọnu."

Daouda wò ó. Ó wo ìtọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ó dín iná rẹ̀ kù títí ohùn rẹ̀ fi lọ sílẹ̀, ìyẹn ló sì jí Nassirou.

"Ó lè gbé wa dé ibi tí à ń lọ?"

"Ó lè gbé wa débẹ̀. N kò mọ̀ bóyá á gbé wa padà."

"Bí a bá pa á báyìí, tó tutù, ṣé á tún jí?"

"Á jí."

"Fún ìṣẹ́jú mélòó?"

Ogún ti dé ẹnu Mouktar, nítorí ogún dùn ún gbọ́. Ó gbé e mì. "Mẹ́wàá," ló wí. "Bóyá kò ní í tó bẹ́ẹ̀."

Daouda pa ẹ́ńjìnnì.

Omi ń lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Daouda fi èdè Gun sọ ọ̀rọ̀ náà fún àwọn méjì tó kù, kò fi kún un, kò yọ nínú rẹ̀: wọ́n á wa ọkọ̀ padà lọ́wọ́, wọ́n á sì fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn pamọ́ de ìgbì etíkun. Ọ̀kan nínú wọn tutọ́ sómi. Nassirou kò bú Mouktar. Ó na àjẹ̀ kan sí i.

"Oyún oṣù méje ló wà nínú ìyàwó mi, Pátírọ́ọ̀nù."

Ìwọ̀nba ohun tó sọ nìyẹn títí tí wọ́n fi rí igi àgbọn dáadáa. Ì bá dùn mọ́ Mouktar bí wọ́n bá bú u. Èébú, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fèsì sí i. Ó wa ọkọ̀. Kò mọ̀ ọ́n wà, àjẹ̀ rẹ̀ ń lu ti ẹni tó wà níwájú rẹ̀, onítọ̀hún sì yíjú padà, ó fi hàn án bí wọ́n ṣe ń ti èjìká bọ̀ ọ́. Nígbà tí oòrùn dé àárín orí, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti lé ròrò, ròrò náà sì ti bẹ́. Iyọ̀ òkun wọ ibẹ̀. Wọ́n dúró nítòsí ilẹ̀, wọ́n ta àwọ̀n, wọ́n fà á. Sàwá ni wọ́n rí, kò kún apẹ̀rẹ̀ kan. Wọ́n tún wà á.

Lẹ́yìn ibi tí ìgbì ti ń fọ́, wọ́n dúró, wọ́n ń ka ìgbì. Daouda fa okùn ẹ́ńjìnnì. Kò jí. Ó tún fà á. Ó jí, ó sì tọ̀, ìtọ̀ rẹ̀ kò ju òwú lọ. Wọ́n wọ ìgbì àkọ́kọ́, wọ́n jáde. Mouktar kò di pákó mú mọ́, àjẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń wà á bí ẹni tí wọ́n ń lé. Òórùn rọ́bà tó ń jóná gba inú ọkọ̀. Nínú ìgbì kejì, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó sì kú. Ìkẹta ló gbé wọn lẹ́yìn, wọ́n ń wà á, Daouda ń kígbe, ó sì sọ wọ́n sórí iyanrìn ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ọkọ̀ kò dojú dé.

Àwọn obìnrin tó ń ra ẹja sáré wá pẹ̀lú abọ́. Wọ́n wo inú apẹ̀rẹ̀, wọ́n wo ojú Daouda. Afoussath, tó jẹ́ àgbà wọn, bi í pé kí ló dé tó jẹ́ sàwá nìkan. Daouda ní ẹ́ńjìnnì ló gbóná. Kò wo ọ̀dọ̀ Mouktar.

Wọ́n pín díẹ̀ fún àwọn tó wọ ọkọ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Nassirou ló bu ti Mouktar sínú ọ̀rá dúdú. Mouktar ní òun kò lè gbà á. Nassirou yíjú sí Daouda.

"O wà nínú ọkọ̀," ni Daouda wí. "Gbà á." Lẹ́yìn náà, ó tẹ ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì tó ṣì ń gbóná. "Bí o bá rí tuntun, gbé e wá. Ìwọ náà lo tún máa bá a lọ."

Mouktar gun zémidjan padà. Wọ́n ti gun afárá, wọ́n ti ń wọ Porto-Novo, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Màdámù Honorine ni, olùkọ́ kan, tó ti gbé gúrúpù, ẹ̀rọ amúnáwá rẹ̀, sí ṣọ́ọ̀bù Mouktar fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó bẹ̀rẹ̀ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀: ó ní òun mọ̀ pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó ní kó má wulẹ̀ sọ pé ó ku ọ̀la, iná ti lọ láti àárọ̀, ibo ló kù gan-an?

Mouktar di ọ̀rá ẹja mú láàárín orúnkún. Ọwọ́ ń ta á.

"N kò tíì fọwọ́ kàn án, Màdámù."

Atẹ́gùn ń fẹ́ wọ inú fóònù.

"Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?" ni obìnrin náà bi í.

"Mouktar ni," ló dá a lóhùn. "Èmi ni."