Lábẹ́ Iná Àwọ̀ Àlùkò

3.

…tó fi jẹ́ pé òórùn yẹn ti wọ inú aṣọ tí mo tì mọ́ inú àpótí. Mo sọ fún wọn nílé. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

(Ẹ má wá ìkíní àti ìkejì. Omi ẹja dà sórí ìwé náà. Mi ò lè fọwọ́ kàn án mọ́, igi ni mo fi tì í sínú ike ìdọ̀tí.)

4. ÀWỌN TÓ WÀ NÍBẸ̀

Màmá mi. Àtọ̀gbẹ ń bá wọn fínra. Egbò kan wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ òsì wọn, wọn kì í mọ̀ ọ́n lára. Wọn ò lè rìn jáde. Tòmátò tí wọ́n gbìn sínú ike lẹ́bàá fèrèsé, òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ó ń tún fóònù ṣe. Ó yẹ kí n máa pè é ní "wọn", àgbà ni. Nínú ìwé yìí, mi ò ní í pè é bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì. Ó ń wá wẹ egbò náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó máa ń kánjú.

Èmi. Imú-Ẹlẹgẹ́ ni wọ́n ń pè mí láti kékeré, torí nǹkan máa ń tètè rí mi lára: irun lára ọṣẹ, awọ tó dì sójú mílíìkì gbígbóná, ìka ẹlòmíì nínú ife mi. Tí mo bá ní nǹkan ń rùn, ìdáhùn ò ju ẹyọ kan lọ: "Kí ni kì í rùn sí ẹ?" Ẹnu mi ò tólẹ̀ nílé wa.

5.

Wọ́n kọ́ ilé alájà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Ògiri wọn bo fèrèsé Màmá. Tòmátò bẹ̀rẹ̀ sí í na ọrùn bí ẹni tó ń yọjú wo ìjà, àwọ̀ ewé ẹ̀ ń ṣí. Màmá kọjú sí ògiri. Wọn ò jẹun mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ sọ̀yà. Ó ní òun máa ṣe oòrùn.

6. BÍ ẸNI TÍ Ò LÓWÓ ṢE LÈ ṢE INÁ FÚN EWÉKO INÚ ILÉ
(Ó gbé e sórí ayélujára kí gbogbo ayé lè yìn ín.)

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má lọ ra ti ṣọ́ọ̀bù, olè ni wọ́n. Ẹ ra ẹyọ iná LED pupa àti búlúù, wẹ́wẹ́ bí ẹyọ àgbàdo. Ẹ fi góòmù lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀yìn ọmọrí ìkòkò, torí ooru ló máa ń pa wọ́n, irin ló sì ń gbé ooru kúrò. Ẹ fi wáyà so wọ́n tẹ̀léra, ẹ jó lẹ́ẹ̀dì, òjé tí wọ́n fi ń lẹ wáyà, sí oríkèé kọ̀ọ̀kan. Àpótí kékeré tó ń ṣẹ́ agbára iná kù, ẹ má ra á: ẹ tú u lára iná funfun tó wà ní àjà yàrá náà. Ìmọ́lẹ̀ funfun, ìfiṣòfò ni. Pupa àti búlúù ni ewé ń jẹ. Àwọ̀ ewé, ó ń tu ú dànù ni, ìyẹn lẹ ṣe ń rí i lára ẹ̀. Kí lẹ fẹ́ máa nawó sí ohun tí ewéko ń tu dànù fún?

7.

Ọmọrí ìkòkò mi ni.

8.

Nígbà tó tàn án, yàrá yẹn dà bí inú ẹnu. Àwọ̀ àlùkò látòkè délẹ̀. Ewé di dúdú. Mílíìkì inú ife Màmá dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹran. Ètè ẹ̀gbọ́n mi, eyín ẹ̀, èékánná ẹ̀ tó ń dán. Mo sá jáde.

Láti ẹnu ọ̀nà, mo gbọ́ tí Màmá ń rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn, mi ò lè parọ́. Tòmátò gbérí, ó nípọn, ó yọ òdòdó. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ sí iná míì nínú yàrá yẹn mọ́, kó má bàa da tòmátò, ọmọ àwọn, láàmú.

9.

Mo fọwọ́.

10. ÌKÌLỌ̀ FÚN AYÁLÉGBÉ ÒKÈ

Àwọn aládùúgbò ń bi mí bóyá ilé ọtí lẹ ṣí sókè. Awakọ̀ kan ti wá kanlẹ̀kùn pé ṣé ọtí tútù wà. Ẹ fi aṣọ dí fèrèsé yẹn. Ohunkóhun tó sì ń rùn níbẹ̀, ẹ gbé e jù nù.
Alámòójútó ilé

(Ẹ̀gbọ́n mi fi bírò kọ ọ́ sísàlẹ̀: *Tòmátò ni sà. Ẹ máa wá tọ́ ọ wò.* Ó wá fi aṣọ tó nípọn dí fèrèsé. Bí ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù ṣe lọ nìyẹn.)

11. FÓÒNÙ

ÈMI: Ẹ̀gbọ́n mi, yàrá Màmá ń rùn.
Ẹ̀GBỌ́N: Omi ẹja ni. Mo rẹ egungun ẹja fún tòmátò. Ajílẹ̀.
ÈMI: Mo mọ òórùn ẹja. Èyí yàtọ̀. Ó dùn díẹ̀.
Ẹ̀GBỌ́N: Ó dùn, ó tún ń rùn?
ÈMI: Bẹ́ẹ̀ ni.
Ẹ̀GBỌ́N: Imú-Ẹlẹgẹ́. Kí ni kì í rùn sí ẹ?
ÈMI: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé iná funfun padà sí àjà.
Ẹ̀GBỌ́N: Mo ti tú u.

12. NỌ́Ọ̀SÌ
(bí mo ṣe rò ó nígbà tí mo wọ inú orí ẹ̀ lọ)

Mo tún ti pẹ́. Iná yìí ń fọ́ mi lórí. Mo ní kí wọ́n tan òmíì, màmá yìí kọ̀ jálẹ̀. Mo tú báńdéèjì. Ó yẹ kí n wò bóyá etí egbò ń pupa. Gbogbo nǹkan ló pupa. Ọwọ́ tèmi gan-an pupa. Ó yẹ kí n wá àbàwọ́n lára báńdéèjì. Gbogbo báńdéèjì ni àbàwọ́n. Màmá ò pariwo. Òórùn yẹn, ẹja ni, wọ́n ti sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: *kò sí ìyípadà.*

12 lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nọ́ọ̀sì yìí ń rí mi lára. Àánú ẹ̀ tún ń ṣe mí. Èyí tó ń ṣe mí láàánú yẹn gan-an ló ń rí mi lára jù.

13.

Àpótí kékeré tó tú lára iná àjà jó lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Èéfín kékeré. Òkùnkùn. Màmá pariwo pé tòmátò àwọn. Mo tan iná fóònù, mo wọlé.

Báńdéèjì ti tú. Mi ò ní í kọ ohun tí mo rí.

13 náà nìyí.

Mo máa kọ ọ́. Àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúdú kirikiri. Ọyún. Etí egbò ti di àwọ̀ ewé, àwọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi ní ká má nawó sí.

"Kí lo tún ń bomú sí?" ni Màmá bi mí.

14.

Mo fọwọ́. Mo fọwọ́. Mo fọwọ́.

15. ILÉ ÌWÒSÀN
(Mo fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, torí wọn kì í gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́.)

DÓKÍTÀ: Ta ló ń wo ẹsẹ̀ yìí nílé?
ÈMI: Gbogbo wa.
DÓKÍTÀ: Ẹ wá wò ó, ẹ ò rí i? Béèyàn bá ń sunkún, á ṣì máa ríran.
(Ẹ̀gbọ́n mi ń wo bàtà ẹ̀.)
DÓKÍTÀ: Màmá, ẹsẹ̀ yìí ti kú. Ó ti ń ba ẹ̀jẹ̀ yín jẹ́. Ká gé e ló kù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀mí yín ló máa bá a lọ. Ẹ bá wa buwọ́ lùwé yìí.
MÀMÁ: Kò dùn mí.
DÓKÍTÀ: Ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀, Màmá.
MÀMÁ: Iná kan náà ló ń tàn sí èmi àti tòmátò mi. Abẹ́ ẹ̀ la jọ ń sùn. Tòmátò mi ti so, ó sanra. Ṣé òun náà ti kú?
Ẹ̀GBỌ́N: Màámi, iná yẹn kọ́ ló—
MÀMÁ: Dákẹ́. Imú-Ẹlẹgẹ́, lọ já ọ̀kan wá kí n rí i nínú ìmọ́lẹ̀ yìí. Tó bá yè, ẹsẹ̀ mi náà yè, ẹ gbé mi lọ sílé. Tó bá ti bàjẹ́, mo gbà fún wọn.
DÓKÍTÀ: Màmá, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti tòmátò.
MÀMÁ: Ọmọ mi ti ń lọ.

16. ÌTA YÀRÁ YẸN

Ẹ̀GBỌ́N: Kò sí èyí tó bàjẹ́ níbẹ̀. Mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi.
ÈMI: Ẹ ò mọ nǹkan kan.
Ẹ̀GBỌ́N: Gbọ́. Tó o bá débẹ̀ tí gbogbo wọn dáa…
ÈMI: Ẹ̀n-ẹ́n?
Ẹ̀GBỌ́N: Fi bàtà tẹ ọ̀kan.

Ó ń sunkún. Ikun ń ṣàn lọ sí ètè ẹ̀, kò nù ún. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó rò pé òótọ́ ló yẹ kí n gbé lọ, àmọ́ kí n kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ mi ṣe òótọ́ náà.

17. LÁBẸ́ ÌWÉ TÓ GBÉ SÓRÍ AYÉLUJÁRA

ẸNÌKAN: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ṣe tèmi. Yàrá bàbá mi ni mo gbé e kọ́ sí, inú wọn dùn.

(Mo kọ èsì. Mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ: *Ẹ tan iná funfun, kí ẹ wo bàbá yín.*)

18.

Mo ra gílóòbù funfun lọ́nà. Mo dè é mọ́ àjà. Mo tàn án.

Yàrá. Ògiri alábàwọ́n àti ibùsùn tó dọ̀tí. Ike omi ẹja, nǹkan ń rìn nínú ẹ̀. Ọmọrí ìkòkò mi tó so rọ̀ bí òkú àdán. Tòmátò: ewé tútù, èso pupa tó ń dán, ó wu ojú. Inú bí mi pé ó dáa tó bẹ́ẹ̀.

Mo já èyí tó tóbi jù. Ìka mi wọlé nísàlẹ̀.

Mo yí i. Lókè, ó pupa. Ìdí ẹ̀ dúdú, ó jìn, ó rọ̀. Omi kan ṣàn sí mi lọ́rùn ọwọ́. Mo wo àwọn yòókù. Òmíì bàjẹ́ bẹ́ẹ̀. Òmíì yè délẹ̀, kò ní àléébù kankan.

Mo dúró lẹ́nu ẹ̀rọ omi. Mi ò fọwọ́. Èyí tó ti wà lọ́wọ́ mi ni mo gbé lọ.

19.

Mo gbé e lé Màmá lọ́wọ́. Ibi tó pupa ló kọjú sókè. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọjọ́ tí iná yẹn kọ́kọ́ tàn.

"Ẹ ò wá rí i báyìí?" ni wọ́n sọ fún dókítà.

Dókítà mú ìwé dání, ó ń wò mí. Ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí. Ọwọ́ mi wà nísàlẹ̀, mi ò bomú.

"Ẹ yí i, Màámi," ni mo sọ.

20.

Wọn ò tíì yí i. Àmọ́ mo rí i tí imú wọn ṣẹ́ pọ̀ díẹ̀, bíi tèmi tí nǹkan bá ń rùn.