Ọkọ̀ Dumezweni

Ohùn àkùkọ kan ṣì ń jí mi láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí àkùkọ ládùúgbò tí mò ń gbé ní Toronto. Ohùn náà gan-an kì í ṣe ti àkùkọ. Ẹnu ènìyàn ni wọ́n fi ń kọ ọ́ níwájú gbọ̀ngàn ìlú Pietermaritzburg, kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wa tó fi ẹsẹ̀ sáré gba Durban lọ. Ó ku díẹ̀ kó pé àádọ́rùn-ún kìlómítà. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí wákàtí mọ́kànlá bá pé mọ́ lójú ọ̀nà, àfi bí ẹni pé kò sáré rárá.

Dumezweni, ọ̀gá mi nílé iṣẹ́ bàtà, ti parí eré náà lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Bó bá parí ẹ̀kẹwàá, nọ́ńbà àyà rẹ̀ á di aláwọ̀ ewé, á sì di tirẹ̀ títí láé. Ẹlòmíì ò ní lò ó mọ́. Lọ́dún yẹn, òun ló wa ọkọ̀. Ọkọ̀ wa ò ní táyà o: èèyàn bí ogójì ló tò sẹ́yìn rẹ̀, òun ló ń dá orin fún wa, òun ló ń sọ ìgbà tí a ó rìn àti ìgbà tí a ó sáré. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: má bọ́ sílẹ̀.

Mo bọ́ sílẹ̀. A dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Fields Hill, ara mi fúyẹ́, mo já wọn jù sílẹ̀.

Dumezweni ké tẹ̀lé mi: "Àbúrò, òkè kọ́ ló ń pani níbí. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni."

Mo rò pé ó ń jowú ni.

Nígbà tó ku kìlómítà mẹ́ta, itan mi ti le bí igi. Mo jókòó sẹ́bàá títì, mo di ọ̀kan nínú pòtétò oníyọ̀ tí wọ́n ń pín fún wa lójú ọ̀nà mú, n kò lè jẹ ẹ́. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ orin wọn. Dumezweni wò mí, ó wo aago, ó ní kí tíṣà kan tó ń jẹ́ Nozipho máa wa ọkọ̀ lọ. Ó gbé apá mi kọ́ ọrùn rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi mí sílẹ̀, kó má pàdánù nọ́ńbà rẹ̀ nítorí mi.

Ó ní, "Ta ló fi ẹ́ ṣe awakọ̀? Dìde, alágídí."

A wọ pápá. Oníbọn, ẹni tó ń yìnbọn sókè láti fòpin sí eré bí wákàtí mọ́kànlá bá pé, ti dúró lórí ìlà ìparí, ó kẹ̀yìn sí wa. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, kó má baà rí ojú ẹni tí ìbọn yóò ká mọ́ ìta ìlà, kí àánú má mú ọwọ́ rẹ̀ falẹ̀. Ó ku ìṣísẹ̀ méjì. Dumezweni fi ọwọ́ méjèèjì tì mí lẹ́yìn, mo ṣubú sọdá ìlà.

Ìbọn dún. Mo bojú wẹ̀yìn: èmi wà nínú, òun wà lóde.

Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo ń sunkún, mẹ́dàlì lọ́wọ́. Oṣù méjì lẹ́yìn náà mo ti kúrò nílùú, ìtìjú ò sì jẹ́ kí n kọ lẹ́tà kankan sí i láti ọjọ́ náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Nozipho wá mi rí lórí fóònù, ó fi fọ́tò kan ránṣẹ́. Dumezweni ni, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di eegun lásán, nọ́ńbà aláwọ̀ ewé láyà. Ọdún tó tẹ̀ lé e gan-an ló gbà á, òun pẹ̀lú ọkọ̀ tó kún fọ́fọ́, ẹnì kankan ò sì já bọ́. Oṣù kẹfà tó ń bọ̀ ni yóò sá eré náà pé ogún ìgbà. Nozipho ní lọ́dọọdún ló ń béèrè pé, alágídí yẹn ńkọ́?

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ sí Dumezweni tí mo ń pa á rẹ́. Láàárọ̀ yìí ni mo wá fi ránṣẹ́:

"Ẹ̀gbọ́n, alágídí yín ni. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Oníbọn á kẹ̀yìn sí yín bó ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni màá dúró sí, màá kọjú sí yín."