Ìka Mẹ́rin Léjìká

Bí Làtíífàt ṣe rí fọ́tò tí Ìyá Ìsmáílà gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Igbó-Ọrà ló ti mọ̀ pé kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù tí Ìsmáílà ọmọ rẹ̀ ní òun wà ni wọ́n ti yà á. Yìnyín tó wà lẹ́yìn Ìsmáílà yẹn, irú rẹ̀ ni òun náà máa ń fi kọ̀ǹpútà lẹ̀ sẹ́yìn àwọn tó bá fẹ́ fi fọ́tò fọ́nnu. Ta ló tiẹ̀ ṣe iṣẹ́ játijàti yìí? Yìnyín bolẹ̀, òógùn sì ń ṣàn lójú ọmọkùnrin!

"Bá mi tẹ̀ ẹ́ ní ńlá," ni ìyá náà wí. "Pálọ̀ ni mo fẹ́ gbé e kọ́ sí."

Làtíífàt fẹ̀ ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó gé fọ́tò náà kò gé e dáadáa: ìka mẹ́rin ti ẹlòmíràn ṣẹ́kù léjìká Ìsmáílà, wọ́n dì í mú pinpin.

"Màmá, ìgbà wo lẹ gbóhùn ẹ̀ kẹ́yìn?"

"Fọ́tò nìkan ló ń fi ránṣẹ́. Ó kọ ọ́ sábẹ́ eléyìí pé kí Aliyyah àbúrò ẹ̀ máa bọ̀ wá bá òun. Ọkọ̀ tó wá gbé e ti lọ láàárọ̀." Ìyá náà rẹ́rìn-ín. "Wọ́n á ti kọjá Èrúwà báyìí."